Ìjàpá Wade tí ìkarahun rẹ̀ ń ṣí: oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí mo rà á

Ìjàpá tánganran ni, kò ju ohun tó kún àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí ẹ bá gbé ìkarahun rẹ̀ sókè, ẹ ó rí ihò kékeré tí mo ń kó yẹtí àti òrùka sí. Ilé iṣẹ́ Wade ló ṣe é ní Burslem, ní Stoke-on-Trent, ìlú àwọn amọ̀kòkò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 1958 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìran ìjàpá yìí, ńlá àti kékeré. Ńlá ló ń ṣí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, £18 ni. Ẹni tó tà á ní kò lábùkù kankan. Nígbà tó dé, mo fi èékánná yí etí ìkarahun náà ká, ó há sí nǹkan: wọ́n ti fi gúlù lẹ̀ ẹ́. Nínú àlọ́ wa, ìkarahun Ìjàpá fọ́ wẹ́wẹ́, wọ́n sì tò ó pọ̀. Ṣùgbọ́n àlọ́ kọ́ ni mo rà. Mo dá a padà. Owó mi pẹ́ kó tó wọlé.

Ọjà àlòkù ọjọ́ Sátidé ni mo ti rí èkejì, £12. Mo fi ìka ta á. Tánganran tí kò sán a máa dún gooro bí agogo. Èyí tó bá ti sán, ohùn rẹ̀ a kú. Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò pẹ̀lú: inú amọ̀ gan-an ni wọ́n tẹ orúkọ Wade sí.

Àwọ̀ rẹ̀ ló mú mi. Ara rẹ̀ dà bíi kọfí, àmọ́ àwọ̀ kan láàrin aró àti ewé ṣàn sínú àwọn ilà ìkarahun, ó sì dì síbẹ̀ nínú iná ìléru. Ìyá mi rí i lórí fídíò, wọ́n ní, “O ò rí ẹlòmíì tó máa bá ọ ṣọ́ góòlù, àfi Alábahun?”

Ẹ má rà á torí èrè o. Wọ́n ṣe é lọ súà. Ẹranko tánganran ti Meissen, ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì, irú èyí tí Johann Joachim Kaendler bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ní 1731, ni àwọn olówó ń jà sí.

Ohun tí n kò fẹ́: ìkarahun náà kàn jókòó lásán ni, kò sí ohun tó dè é, nítorí náà ẹ má fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbé e. Abẹ́ rẹ̀ tún ha tábìlì mi. Mo ti gé aṣọ nípọn lẹ̀ mọ́ ọn.