Omi mímọ́ gbígbóná fún fífọ fèrèsé: ohun tí ojú mi rí nílé àlejò mi l'Óṣogbo

Àmì funfun tótòtó ni mo rí lára gíláàsì iwájú ilé láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n fọ fèrèsé ilé àlejò mi. Owó ti kúrò lọ́wọ́ mi. Mo ti dúpẹ́, mo ti fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ní mínírà tútù, mo ti sọ fún aládùúgbò mi pé mo ti rí àwọn tó mọ iṣẹ́. Àfi ìgbà tí oòrùn yọ tó kọjú sí ilé, tí mo rí i pé omi ti gbẹ sára gíláàsì láti òkè dé ìsàlẹ̀, àmì rẹ̀ tò rẹrẹ. Mo fi àkísà tútù nù ún, ó lọ. Ó gbẹ, ó tún jáde. Inú bí mi débi pé oúnjẹ àárọ̀ ò gba ọ̀fun mi.

Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí fún ẹnikẹ́ni mọ ohun tí yóò bi wọ́n léèrè kó tó tú àpò.

Ilé alájà mẹ́ta ni, kò jìnnà sí Ọláìyá, ilé oúnjẹ wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Òṣogbo mọ ohun tí ojú títì ń fi gíláàsì ṣe: eruku pupa lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ tó ń ta sókè lásìkò òjò, èéfín jẹnẹrétọ̀ nígbà gbogbo. Tèmi tún ní ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí fáànù ti ń fẹ́ èéfín òróró sí fèrèsé tó wà lókè rẹ̀. Òróró yẹn á gan, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á di dúdú. Àwọn ẹyẹlé àdúgbò náà ń ṣe tiwọn sí etí fèrèsé. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọkùnrin kan ló máa ń gun àkàbà wá pẹ̀lú ike omi, Omo àti ìwé ìròyìn àtijọ́. Ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mo bá ń wò wọ́n lókè yẹn, ọwọ́ kan lára àkàbà, ọwọ́ kan lára gíláàsì. Òróró náà kì í sì í kúrò; ṣe ni wọ́n kàn ń fi àkísà tẹ́ ẹ kiri.

Ọdún Ọ̀ṣun sì ti ń kanlẹ̀kùn. Ẹ mọ bí ìlú wa ṣe máa ń rí ní oṣù Kẹjọ. Láti 2005 tí UNESCO ti fi Igbó Ọ̀ṣun sínú ogún àgbáyé, ojú gbogbo ayé ló wà lára Òṣogbo nígbà yẹn. Mi ò fẹ́ kí ẹni tó ti òkèèrè wá sanwó yàrá kó wá máa wo Òṣogbo láti inú gíláàsì tó dọ̀tí.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Fìà ló fún mi ní nọ́ńbà wọn. Bọ́ọ̀sì kan ni wọ́n gbé wá, táńkì ńlá wà nínú rẹ̀, wọn ò gbé àkàbà kankan. Omi tí wọ́n ń lò ti gba inú fílítà kọjá, wọ́n ti fi agbára tì í gba inú awọ tín-ín-rín kan tí iyọ̀ àti òkúta tó yọ́ sínú omi kì í sáábà lè gbà kọjá, ó sì ti gba inú résìn tó ń gbé ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni ẹ̀rọ inú bọ́ọ̀sì tó wá mú un gbóná, nítorí pé bí omi bá gbóná kó tó débẹ̀, yóò ba awọ àti résìn náà jẹ́. Ó wá gba inú họ́ọ̀sì lọ sínú ọ̀pá fífúyẹ́ kan tí wọ́n lè fà gùn dé àjà kẹta, omi sì ń tú jáde láàárín irun búrọ́ọ̀ṣì tó wà lórí ọ̀pá náà. Ilẹ̀ ni ẹni tó ń fọ̀ ọ́ dúró sí. Kò sí ọṣẹ, kò sí àkísà. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á fi sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Omi tí kò ní nǹkan kan nínú kò ní ohun tó máa fi sílẹ̀ bó bá gbẹ. Ẹ má fi wé píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá o. Omi lè mọ́ fún mímu kí òkúta ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, mo sì dúró tì wọ́n. Ọmọkùnrin tó di ọ̀pá mú kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó kọ́kọ́ fi omi gbígbóná ṣan gíláàsì láìfi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, ooru ń rú, ó ní kí òróró rọ̀ ná. Ó dúró díẹ̀. Nígbà tó wá gbé búrọ́ọ̀ṣì lé e, omi pupa rẹ́súrẹ́sú bẹ̀rẹ̀ sí í sàn wálẹ̀, òórùn òróró àná sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ó tì í lọ sókè, ó fà á wá sísàlẹ̀, ó dojú búrọ́ọ̀ṣì kọ ẹ̀gbẹ́ kó lè wọ kọ̀rọ̀ férémù. Ìgbẹ́ ẹyẹlé tó ti gan tipẹ́tipẹ́ rọ̀, ó já bọ́. Ìgbà tí omi tó ń kán sílẹ̀ tó mọ́ gaara ló tó gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò lára gíláàsì, ó fi omi nìkan ṣàn án láti òkè wá, ó bọ́ sí èkejì. Mo dúró títí tó fi gbẹ. Mo rí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé nínú gíláàsì yẹn, tewétewé. Mo ké sí ìyá alásè pé kó jáde wá wò ó. Láti ìgbà tí a ti kọ́lé yẹn, gíláàsì ẹ̀yìn ilé ìdáná ò mọ́ báyìí rí.

Ìdí nìyẹn tí ti ọjọ́ kejì fi dùn mí wọra. Ẹ̀yìn ilé mọ́ kedere. Iwájú ilé, tí àlejò ń kọ́kọ́ rí, ló kún fún àmì. Ọ̀pá kan náà, ọjọ́ kan náà. Mo pe alábòójútó tó kó wọn wá. Ó yára dé, ọmọkùnrin àná sì tẹ̀ lé e. Ó wo gíláàsì, ó ní, "Mọ́mì, eruku ni." Mo ní eruku wo ló ń tò bí ẹ̀kán omi? Ó ní òjò ló rọ̀. Òjò ò rọ̀ lóru ọjọ́ náà. Ó wá fọwọ́ sọ̀yà, ó ní, "Mọ́mì, omi gbígbóná la lò fún yín. Kò sí ohun tí omi gbígbóná ò ní pa."

Gbólóhùn yẹn ló gbé mi wọ ilé ìdáná. Mo gbé kẹ́tùlù tí a fi ń se omi tíì fún àlejò jáde, mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo gbé e sábẹ́ imú rẹ̀. Ẹni tó bá ń se omi kànga mọ ohun tó wà nídìí kẹ́tùlù: funfun líle tó ti gan mọ́ irin. Mo ní, "Ọ̀gá, ojoojúmọ́ ni omi kànga mi ń hó nínú èyí. Ṣé iná wá pa òkúta inú rẹ̀ ni? Iná ló mú un jókòó síbẹ̀!" Ooru lè pa kòkòrò àìsàn, ó lè yọ́ òróró, kò lè sọ òkúta inú omi di òfo. Mo fi èékánná ha ìdí kẹ́tùlù, mo ha ara gíláàsì, mo nawọ́ sí i kó wò ó. Ó dákẹ́.

Ọmọkùnrin yẹn ló sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ níbi tó wà, ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Omi táńkì ló tán nígbà tó ku iwájú ilé. Wọ́n ní ká so họ́ọ̀sì mọ́ ẹ̀rọ omi yín."

Ọ̀gá rẹ̀ wò ó, ìwò yẹn kò dára. Mo sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé bí ọmọ yẹn bá pàdánù iṣẹ́ nítorí òdodo, gbogbo ẹni tó bá bi mí léèrè nípa wọn ni yóò gbọ́ ọ. Omi mi! Omi kànga dẹ̀rọ tí mo ń sanwó iná láti fà sókè, òun ni wọ́n gbé gbóná, òun ni wọ́n tún tà fún mi lówó omi mímọ́.

Mo pe ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà, mo sì ti di àmùrè ìjà. Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n ya fọ́tò iwájú ilé, kí n ya ti ẹ̀yìn náà mọ́ ọn, kí n fi ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp. Ó wò ó tán, ó pè mí padà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀bi wa ni. A ó tún un fọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mò ń rán ẹlòmíì bọ̀."

Ọmọbìnrin kan ló rán wá, ó wọ bùútù, mítà kékeré kan so rọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó tọrọ ife méjì. Ó bu omi ẹ̀rọ mi sínú ọ̀kan, ó bu omi táńkì wọn sínú èkejì, ó ti mítà bọ̀ wọ́n lójú mi. Tèmi, 243. Tiwọn, 002. Ó ní nọ́ńbà yẹn ń sọ iye mílígíráàmù nǹkan tó yọ́ sínú lítà omi kan. Òdo làwọn ń wá, bó bá ti kọjá mẹ́wàá, àmì lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Résìn máa ń tán, mítà ló sì ń tú u fó, nítorí ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni, mo gbé ife méjèèjì sínú ìmọ́lẹ̀, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ó bá kán omi kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì onígíláàsì mi, ó ní kí n máa wò ó. Nígbà tí wọ́n gbẹ, ọ̀kan ti di òrùka funfun. Ibi tí èkejì kán sí, mo ní láti béèrè.

Ibẹ̀ ni ara mi ti balẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé irú rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ó wá sọ ohun tí alábòójútó kò sọ: "Mọ́mì, iwájú yìí ò nílò omi gbígbóná. Eruku lásán ló wà lára rẹ̀." Òun àti ọmọkùnrin yẹn fi omi tútù tún un fọ̀, mítà ń wọ omi lóòrèkóòrè. Ó gbẹ. Kò sí àmì kan. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, kò sì sí nǹkan tó ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. ₦120,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi fún omi gbígbóná jákèjádò ilé. ₦80,000 ni wọ́n ń gbà fún omi tútù, mo sì mọ̀ nítorí pé iye tí ọ̀rẹ́ mi san fún ilé tó tó tèmi nìyẹn. Ní ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí fífi ọ̀pá fọ fèrèsé ti gbilẹ̀, tí òfin iṣẹ́ ibi gíga wọn ti 2005 sì ní kí wọ́n yẹra fún iṣẹ́ òkè níbikíbi tó bá ti ṣeé ṣe, òtútù wà lára ohun tó ń mú wọn gbé omi gbóná: họ́ọ̀sì ń le gbagidi, ọwọ́ ń kú. Òṣogbo kọ́ nìyẹn. Omi inú táńkì orí òrùlé mi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó di ọ̀sán. Níbi tí òróró bá wà, níbi tí ìgbẹ́ ẹyẹ bá ti gan, tàbí gíláàsì tí wọn ò fọ̀ rí, omi gbígbóná tó owó rẹ̀, mo sì tún máa san án. Níbi eruku, omi tútù tó mọ́ ti tó. Àjà kẹta gan-an, mo tọwọ́ bọ omi tó ń kán láti ibẹ̀: ooru rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó gba họ́ọ̀sì gígùn yẹn débẹ̀. Mo béèrè pé kí wọ́n dá ìyàtọ̀ owó padà fún mi, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ ní òun ó yọ ọ́ nínú iṣẹ́ tó kàn. Mo gbà, inú mi ò dùn sí i.

Omi tún wọ yàrá kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó rin kápẹ́ẹ̀tì, nítorí pé wọn ò wò ó bóyá fèrèsé tì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti gíláàsì kan tó ti sán lára fèrèsé bálùwẹ̀, ọmọbìnrin onímítà kò jẹ́ kí omi gbígbóná kàn án rárá. Ó ní gíláàsì tó tutù kì í fẹ́ ooru òjijì, àgàgà èyí tó ti sán, bó bá sì jẹ́ àárọ̀ ọyẹ́ ni, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lòun ó kọ́kọ́ fi ṣan gbogbo fèrèsé kí òun tó jẹ́ kó gbóná sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ pe irú wọn, ẹ ní kí wọ́n ti mítà bọ omi lójú yín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún tì í bọ̀ ọ́ láàárín iṣẹ́. Ẹ béèrè bí omi inú táńkì wọn ṣe pọ̀ tó àti ohun tí wọ́n máa ṣe bó bá tán. Ẹ yan fèrèsé tó nílò omi gbígbóná fúnra yín, kí wọ́n kọ owó rẹ̀ sọ́tọ̀ sínú rìsíìtì. Ẹ̀rọ omi tó wà níta, ẹ tì í pa.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Wọ́n á padà wá lẹ́yìn ọyẹ́, ọmọbìnrin onímítà àti ọmọkùnrin yẹn ni mo ní kí wọ́n rán sí mi. Mo béèrè ọmọkùnrin náà, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Alábòójútó yẹn ò gbọdọ̀ tẹ ọgbà mi mọ́.