Àgbéyẹ̀wò: Ẹ̀kọ́ títa hítà omi àti gbígbé e kọ́, fún púlọ́mbà n'Íbàdàn

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti dára jù ni ibi tí ọ̀pọ̀ á ti máa tòògbé: ìṣirò. Àwọn olùkọ́ kò fi bí a ṣe ń pọ́n ọjà lé bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí púlọ́mbà tó dárúkọ owó, kó kọ́kọ́ béèrè iye èèyàn tó ń wẹ̀ láàárọ̀ àti iye garawa tí wọ́n ń lò. Hítà 50 lítà tó gbé omi dé 60°C, tí a bá bu omi táǹkì tó wà ní 25°C lú u títí á fi di 40°C tí ara lè gbà, á fún wa ní bíi 116 lítà. Nínú garawa 20 lítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́fà. Ẹ pè é ní márùn-ún, torí omi tútù ń wọ inú ìkòkò hítà bí gbígbóná ṣe ń jáde. Hítà 30 lítà á fún yín ní mẹ́ta. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò yìí lójú oníbàárà kò ní ta 100 lítà fún tọkọtaya tí kò tíì bímọ.

Lẹ́yìn èyí ni fóòtì, ìyẹn òṣùwọ̀n bí iná ṣe lágbára tó. Hítà 1,500 wáàtì tí wọ́n ṣe fún fóòtì 220, bí iná bá já wálẹ̀ sí 160, kò ní ju nǹkan bíi 790 wáàtì lọ. Omi 50 lítà tó yẹ kó kúrò ní 25 dé 60 láàárín wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú á wá gba wákàtí méjì ààbọ̀. Ta ni kò mọ àdúgbò tí iná ti máa ń rẹlẹ̀ lálẹ́ n'Íbàdàn? Oníbàárà á pè: "Bọ̀dá púlọ́mbà, hítà yín ò gbóná o." Ẹni tí kò mọ̀ á lọ pààrọ̀ element, irin tó ń gbóná nínú hítà, tí nǹkan kan ò ṣe. Ẹ wọn iná ilé náà lálẹ́ kí ẹ tó tajà, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí ìwé iye owó.

Wọ́n sọ òótọ́ tí ọlọ́jà kì í sọ nípa hítà ojú-ẹsẹ̀, èyí tí kò ní ìkòkò. Kí omi tó ní agbára bar kan (bar ni òṣùwọ̀n bí omi ṣe ń tì), ó gbọ́dọ̀ ga tó mítà mẹ́wàá. Táǹkì tó fi mítà méjì péré ga ju ẹnu ṣáwà lọ, 0.2 bar ló ní, ọ̀pọ̀ hítà bẹ́ẹ̀ kò sì ní tan rárá. Ẹ ti pọ́ńpù kékeré mọ́ owó iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ti iná, 3.5 kilowáàtì ń fa áḿpù 16, 5.5 ń fa 25; púlọ́ọ̀gì 13 áḿpù á yọ́ ni. Wáyà 4 mm² fún ti àkọ́kọ́, 6 mm² fún èkejì, kó ti bọ́ọ̀dù wá tààrà, pẹ̀lú bírékà tirẹ̀ àti RCD 30 mA, èyí tó ń já iná kí ó má baà gbé èèyàn. Wáyà earth, èyí tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń dúnàádúrà lé lórí.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fún ní àkókò jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. PPR, páìpù ike tó lè gba omi gbígbóná, ni wọ́n fi kọ́ wa; PVC lásán máa ń rọ̀ bí omi 60°C bá ń gba inú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìjópáìpù, èyí tí a fi ń yọ́ ẹnu páìpù kí a tó so ó pọ̀, gbọ́dọ̀ wà ní 260°C. Páìpù 20 mm: kó wọlé mílímítà 14, kó gbóná lórí ẹ̀rọ fún sẹ́kọ́ǹdì 5, kí ẹ so ó pọ̀ kí sẹ́kọ́ǹdì 4 tó pé, kí ẹ má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú méjì. Ti 25 mm ń fẹ́ sẹ́kọ́ǹdì 7, ti 32 mm ń fẹ́ 8, òun sì ń fẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin láti tutù. Bó bá pẹ́ jù lórí ẹ̀rọ, ike á wó sínú, ihò á há, omi á máa ṣe tẹ̀ẹ́rẹ́, a ó sì máa bú táǹkì. Bí ẹ bá ń yí i bí ẹ ṣe ń tì í, tàbí tí ẹnu rẹ̀ tutù fún omi, ojú ìsopọ̀ kò ní dì dáadáa. Ọjọ́ tí omi gbígbóná bá kọjá ló máa jò. Bó bá jẹ́ pé oníbàárà fúnra rẹ̀ ló fẹ́ lọ ra ẹrù ní Ògùnpa, ẹ kọ "PN20", àmì bí páìpù ṣe lágbára tó, sí i lórí ìwé, torí PN10 tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n máa gbé fún un, omi tútù nìkan nìyẹn sì wà fún.

Ẹ̀kọ́ fáàfù ààbò, ẹnu tí omi tó wú nínú hítà ń gbà jáde, ni wọ́n fi ń dá àṣà burúkú dúró. Omi 50 lítà tó gbóná dé 60 á fi bíi 0.7 lítà wú, fáàfù á sì máa kán omi sílẹ̀. Ó yẹ kó kán. Ẹ so rọ́bà mọ́ ọn, kó dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àwọn kan máa ń dí i kí oníbàárà má baà pariwo. Ìkòkò lè bẹ́. Kí ẹ sì tó tan iná, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná títí omi á fi tú jáde láìfọ́nkà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ element á jó nínú afẹ́fẹ́.

Ti ọ̀rọ̀ ìtajà kò wú wa lórí tó bẹ́ẹ̀. Ìwé tó ní iye owó mẹ́ta, ti hítà kékeré, àárín àti ńlá, lè ṣiṣẹ́ nílé tuntun ní Bódìjà. Ní agboolé Bẹẹrẹ, níbi tí ilé ìwẹ̀ gan-an kò ti ní páìpù, bí a ṣe ń dá owó lé hítà àti iṣẹ́ páìpù lápapọ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́ wa. Hítà tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, àwòrán nìkan la rí. Ẹ̀rọ ìjópáìpù kò tó, àwa la sì ń tò sí ìdí rẹ̀ bí ẹni tó wá gbomi. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè iye ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀, kí ẹ sì mú mítà fóòtì tiyín lọ́wọ́.