Àyẹ̀wò SUM, irinṣẹ́ àròpọ̀ inú Microsoft Excel
Nínú gbogbo irinṣẹ́ Microsoft Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣírò nínú àtẹ alápòótí, SUM ló yẹ kí oníṣòwò kọ́kọ́ mọ̀, nítorí òun ló ń gbé àròpọ̀ jáde, ìyẹn iye kan ṣoṣo tí a ń rí nígbà tí a bá ro oríṣiríṣi iye pọ̀. Bí owó ọjà bá wà láti B2 títí dé B20 (àpótí kejì títí dé ogún nínú òpó B), =SUM(B2:B20) ti tó; ẹni tí kò bá sì fẹ́ tẹ gbogbo ìyẹn lórí Windows lè wọ inú àpótí tó wà nísàlẹ̀ wọn, kí ó di Alt mú, kí ó tẹ =, kí ó sì tẹ Enter. Bí a bá yí iye kan padà lẹ́yìn náà, àròpọ̀ yóò yí padà lójú ẹsẹ̀, èyí tí ìwé àkọsílẹ̀ lásán kò lè ṣe.

Àbùkù kan wà o, kò sì kéré: bí 5000 bá wọ B2 gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ dípò nọ́ńbà, SUM yóò fò ó, àròpọ̀ tó dín ni yóò sì gbé jáde, bẹ́ẹ̀ sì rèé, =B2+B3 yóò kà á. Ẹni tó ń ṣírò owó ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fura sí iye tó bá fì sí apá òsì àpótí rẹ̀, nítorí apá ibẹ̀ ni Excel sábà máa ń to ọ̀rọ̀ sí.