Nitric oxide àbí sildenafil: èwo ni fún ọmọ tuntun tí ẹ̀jẹ̀ ń ru nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀?

Bí ọmọ bá ti ké lọ́jọ́ ìbí, ó yẹ kí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣí. Bí wọn ò bá ṣí, ẹ̀jẹ̀ á yà kúrò lọ́nà ẹ̀dọ̀fóró, ètè ọmọ á sì dúdú bí aró.

Nitric oxide jẹ́ gáàsì tí ọmọ ń mí símú kí àwọn òpó yìí lè ṣí. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í sábà já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ara yòókù wálẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1999 fún ọmọ tí oyún rẹ̀ ti kọjá ọ̀sẹ̀ 34. Àmọ́ owó rẹ̀ ga: sílíńdà, ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì, àti lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀rọ amúnimí. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, torí bí wọ́n bá gé e lójijì, àìsàn náà lè padà. Gbogbo ọmọ kọ́ ló sì ń ṣiṣẹ́ fún.

Sildenafil ńkọ́? Òun náà ni Viagra tí àwọn bàbá ń rà (ẹ má rẹ́rìn-ín). Òun náà ń ṣí òpó ẹ̀jẹ̀. Kò wọ́n, ó sì ṣeé gbà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n gbogbo ara ló ń wọ̀, ó lè já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ jù.

Níbi tí gáàsì bá wà, òun ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Níbi tí kò sí, bí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, sildenafil ni wọ́n sábà ń lò. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ọkàn ọmọ wò: àbùkù ọkàn kan wà tí gáàsì yìí lè mú burú sí i.