ÌKÌLỌ̀ O! Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta ẹsẹ̀ iwájú Volkswagen ìjàpá láti Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ṣì ń wa Volkswagen ìjàpá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fowó ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan tó ń polówó ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ lórí fóònù láti Ọ̀yọ́. Orúkọ rẹ̀ kò lè ràn yín lọ́wọ́, torí bó ṣe ń pààrọ̀ nọ́ńbà ló ń pààrọ̀ orúkọ. ₦185,000 mi ló gbé jẹ. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ìjàpá tèmi, èyí tí wọ́n tò ní Volkswagen ojú ọ̀nà Badagry l'Ékòó ni. Ó pẹ́ tí iwájú rẹ̀ ti ń ró kólókóló. Tí mo bá ti bọ́ sí kòtò lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, sítíárín á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ẹni tí ibà dá gúnlẹ̀. Mo wá pinnu pé mi ò lẹ̀ ẹ́ mọ́, pé gbogbo ẹsẹ̀ iwájú ni n ó pààrọ̀: bíìmù (páìpù irin tó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì dúró), bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (oríkèé tó ń jẹ́ kí taya iwájú lè yí), ṣọ́ọ̀kì, kí n sì yọ bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù kúrò, kí n fi dískì sí i. Kì í ṣe fáàrí. Ọkọ̀ kékeré tó ń bá tírélà du ọ̀nà yẹn gbọ́dọ̀ dúró nígbà tí èèyàn bá tẹ bíréèkì.

Bí mo ṣe pè é báyìí, ohùn rẹ̀ tutù. “Dádì mi, ọkàn yín balẹ̀. Ọjà tuntun ni, inú páálí ló ti jáde. Volkswagen fúnra wọn ló ṣe é ní Jámánì lọ́dún tó kọjá. Gbogbo ìjàpá pátá ló bá mu.”

Ẹ gbọ́ irọ́! Ìjàpá tó kẹ́yìn láyé, Mẹ́síkò ló ti jáde ní 2003, Jámánì sì ti fi í sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má rò pé mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé àwọn kan ṣì ń ṣe pààtì rẹ̀ ní tuntun, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́. Èyí tó ní gbogbo ìjàpá ló bá mu ni ó yẹ kó ta mí lólobó. Irú ìjàpá tí wọ́n ń pè ní 1302 àti 1303 kò ní bíìmù rárá, ẹsẹ̀ MacPherson, tí sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì wà pa pọ̀, ni tiwọn. Àwọn tó sì ti wà ṣáájú oṣù kẹjọ 1965, king pin (ọ̀pá irin tí ẹsẹ̀ ń yí lé lórí) ni wọ́n lò, kì í ṣe bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì. Ẹni tó ń ta nǹkan yìí lóòótọ́ á kọ́kọ́ bi yín pé ìjàpá ọdún wo lẹ ní. Kò bi mí. Kò bi mí rárá!

Àwọn kan á ní kí ló dé tí mi ò wọkọ̀ lọ wò ó, ṣebí Ọ̀yọ́ kò jìnnà. Mo béèrè fídíò, ó sì fi ránṣẹ́. Mo rí bíìmù dúdú tó ń dán, mo rí i tó ń fọwọ́ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè sódò. Ta ni kò ní gbà? Bíìmù tó wà nínú fídíò kọ́ ló fi ránṣẹ́ sí mi. Olè!

Wọ́n já a sílẹ̀ fún mi ní gáréèjì nínú àpò ìrẹsì, wọ́n fi okùn dì í gírígírí. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì mi, inú mi ń dùn. Ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ìka kàn án kó kó kó, ló bá dákẹ́. Ó mú súkúrúdíráfà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ̀dà náà nídìí ibi tí bóòtì mẹ́rin ti ń so bíìmù mọ́ ara ọkọ̀. Ọ̀dà ń ṣí bí èèpo. Abẹ́ rẹ̀, kìkì body filler, irú èyí tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀ tó ti jẹrà. Ó ti súkúrúdíráfà sí i díẹ̀, ló bá wọ inú páìpù lọ títí dé ibi ọwọ́ rẹ̀. Irin náà ti dógùn-ún tán! Ó fa ìdìpọ̀ irin pẹlẹbẹ tó wà nínú páìpù jáde, èyí tó jẹ́ sípíríǹgì ọkọ̀ yẹn gan-an: wọ́n ti gé e, kò pé. Rọ́bà tuntun ló wà lórí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ mi ọ̀kan báyìí, ó ń yẹ̀ gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ dúró, wọ́n ń wo ojú mi. Ojú tì mí, mi ò mọ ibi tí n ó wọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ká ní a dè é mọ́ ọn ni, tó bá já nígbà tí ẹ ń sáré, taya á yà síbì kan, ọkọ̀ á yà síbòmíràn.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Owó mi nìkan kọ́ ni ọkùnrin yẹn fẹ́ gbà. Ẹ̀mí mi ni! Àwọn ọmọ mi máa ń jókòó nínú ọkọ̀ yẹn!

Mo pè é, ó ní mẹkáníìkì mi ló bà á jẹ́. Ẹ ò rí i bí? Mo tún pè, ó ti dí nọ́ńbà mi. Mo lọ sí tọ́lọ́pàá, wọ́n ní kí n mú rìsíìtì wá. Ohun tó wà lórí rìsíìtì ni “ẹrù ọkọ̀ kan.” Kò sí bíìmù níbẹ̀, kò sí dískì, kò sí tuntun. Ẹni tó júwe ọkùnrin yẹn fún mi náà kò gbé ìpè mi mọ́, n ó sì sọ ọ́ láìfi bò: ó dá mi lójú pé ó gba tiẹ̀ nínú owó yẹn. Ta ni èèyàn tún lè gbà gbọ́ nínú àwọn tó ń ta pààtì? Gbogbo wọn ni “Dádì mi, ọkàn yín balẹ̀.”

Ẹ mú òòfà dání tí ẹ bá fẹ́ ra bíìmù. Ibi tó bá wà lórí body filler, òòfà kì í lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n họ ọ̀dà kúrò lójú yín, ẹni tó bá kọ̀, ẹ kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ mi bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, ẹ má wo rọ́bà. Kí wọ́n kọ orúkọ ọjà náà gan-an sórí rìsíìtì. Ẹ mú mẹkáníìkì yín dání lọ sí ibi tí ẹ ti lè fọwọ́ kàn án, bó jẹ́ ọjà pààtì Ararọ̀mí ní Gẹ́ètì Ìbàdàn náà ni, owó ọkọ̀ yẹn kéré sí ohun tí mo pàdánù.

Àwòrán tó ń lò: bíìmù dúdú lórí tapólín aláwọ̀ búlúù, ṣọ́ọ̀kì pupa méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ògiri tí wọn ò tíì rẹ́ lẹ́yìn. Tí ẹ bá rí i lábẹ́ orúkọ èyíkéyìí, òun ni. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún un, kódà kó ní àsansílẹ̀ díẹ̀ lòun ń fẹ́.