Àgbéyẹ̀wò The Toll-Gate: ìfẹ́, wúrà àti oníbodè tó pòórá

Bí ẹ bá fẹ́ ìwé ìfẹ́ tó ń pani lẹ́rìn-ín, tó tún ní àdììtú gidi nínú, tó sì ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí Ọba George Kẹta ń ṣàìsàn tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe adelé (1811 sí 1820), The Toll-Gate ti Georgette Heyer ni kí ẹ mú. Ọdún 1954 ló jáde. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo ní kí ẹ tó ṣí i: ẹ má jẹ́ kí orí kìíní lé yín sá.

Orí kìíní yẹn wúwo. Ẹbí ńlá kan pé jọ nítorí àdéhùn ìgbéyàwó, òǹkọ̀wé sì ń dárúkọ ìyá, àbúrò, ìbátan àti olóyè, bí alága àríyá tó ń pe àwọn èèyàn síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń há orúkọ wọn sórí ń ṣe wàhálà lásán, torí pé púpọ̀ nínú wọn kò ní padà wá sínú ìtàn mọ́. Nǹkan méjì péré ló yẹ kí ẹ mú níbẹ̀: pé John Staple, akọni ìtàn náà, ti ṣe ọ̀gá sójà, ó sì ti jà dé Waterloo lọ́dún 1815, pé láti ìgbà tí ogun ti parí, ìjókòó ilé ti sú u pátápátá. Ẹ yára ka ìyókù kọjá. Ibi tó ti gun ẹṣin rẹ̀ jáde ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀.

Òjò ká a mọ́ àárín àwọn òkè Derbyshire, ó ṣìnà, ilẹ̀ sì ti ṣú kó tó dé ẹnu ibodè kan. Ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Ben ló jáde sí i, jìnnìjìnnì sì bo ọmọ náà. Bàbá rẹ̀, Ned Brean, tó jẹ́ oníbodè, ní kó bá òun dúró ti ẹnu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, kò sì wálé mọ́. John sùn síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní òun ò lọ mọ́, ó di oníbodè.

Ibi yìí ni ọgbọ́n Heyer ti hàn jù, ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ gbádùn ìwé náà mọ bí iṣẹ́ ibodè ṣe rí nígbà náà. Ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin fún láṣẹ ló ń tún ojú ọ̀nà ṣe, owó tí wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá ni wọ́n fi ń ṣe é. Oníbodè ń gbé inú ilé kékeré kan létí ọ̀nà, tọ̀sán tòru ni wọ́n sì lè pè é kó wá ṣí géètì. Iye owó kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ẹṣin àti màlúù wà lára pátákó. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kì í san nǹkan kan. Kẹ̀kẹ́ tó ń kó lẹ́tà ìjọba náà kì í san. Bó bá ti fun fèrè lókèèrè, géètì gbọ́dọ̀ ti ṣí kó tó dé. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè fi kẹ̀kẹ́ gbé ẹrù wúwo gba ọ̀nà yẹn kọjá lóru tí oníbodè kò ní mọ̀. Bí oníbodè bá wá pòórá, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: kí ló rí? Tàbí kẹ̀, ta ló fún un lówó kó má bàa rí i? Heyer kò sọ ìyẹn jáde bí olùkọ́. Ó kàn jẹ́ kí ẹ máa gbé ẹnu ibodè náà pẹ̀lú John títí ẹ ó fi rò ó fúnra yín.

Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a tú àdììtú fún òun rárá, kó fo ìpínrọ̀ tó kàn.

Ọ̀rọ̀ wúrà ni. Òfin owó tuntun jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1816, nígbà tó sì di ọdún 1817, ìjọba gbé sovereign jáde: owó wúrà tí iye rẹ̀ jẹ́ ogún ṣílè, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó gíráàmù mẹ́jọ, tí àwòrán George Mímọ́ àti dírágónì tí oníṣẹ́ ọnà Pistrucci gbẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Guinea tó wà tẹ́lẹ̀ jẹ́ ṣílè mọ́kànlélógún. Ẹ wá ronú nípa olè tó jí àpótí owó tuntun yìí kó tó dé ọwọ́ ará ìlú. Ó ní wúrà rẹpẹtẹ, kò sì lè ná ẹyọ kan. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá nà án sí máa bi í léèrè ibi tó ti rí owó tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí rí. Àfi kó rí ibi gbé e pamọ́ sí títí ìjọba á fi tú u sígboro. Gbogbo ìdádúró àti ìbẹ̀rù inú ìwé náà ti ibẹ̀ wá. Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo ohun tó kù nínú ìwé náà lọ: ìtàn gidi ló gbé àdììtú náà ró, kì í ṣe ohun tí òǹkọ̀wé ṣàdédé hùmọ̀. Ibi ìpamọ́ náà sì bá ilẹ̀ ibẹ̀ mu, torí ihò inú àpáta pọ̀ ní Derbyshire; títí di òní làwọn èèyàn ń lọ wo àwọn ti Castleton.

Ẹ má retí irú àdììtú tí ẹ ó ti máa fura sí èèyàn mẹ́wàá títí dé ojú ìwé tó kẹ́yìn. Bí Nathaniel Coate àti Henry Stornaway bá ti yọjú, ẹ ti mọ àwọn èèyàn burúkú. Ohun tí ẹ ń wá ni ohun tí wọ́n ń ṣe àti bí a ṣe máa dá wọn dúró. Òkú wà nínú rẹ̀, ìjà tó le sì wà ní ìparí, nítorí náà ẹni tó ń wá ẹ̀rín nìkan lè rí i pé ìparí rẹ̀ ṣókùnkùn ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Ní ti ìfẹ́, èrò àwọn òǹkàwé pín sí méjì, mo sì mọ ìhà tí mo wà. Àwọn kan fẹ́ kí ọkùnrin àti obìnrin máa fa ọ̀rọ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó fẹ́ra. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí. Bí John ṣe rí Nell Stornaway lẹ́nu ibodè báyìí, ó ti tán. Nell ga fíofío, ó ti lọ sí London lẹ́ẹ̀kan láti wá ọkọ, àwọn èèyàn ò sì kà á sí nítorí gíga yẹn. John ní tirẹ̀ ga tó láti wo obìnrin náà lójú láìsí wàhálà. Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì jọ ń gbèrò bí ẹlẹgbẹ́ ni. Ìgbéyàwó wọn pàápàá wáyé kí àdììtú tó tú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá àgbà Nell tó ń kú lọ. Èmi rí i pé ibẹ̀ dùn mọ́ni nínú ju ìjà ẹnu lọ.

Àwọn méjì mìíràn tún wà tó yẹ kí a yìn: Chirk, olè ojú ọ̀nà, àti Rose, ìránṣẹ́ Nell. Rose kò gbà kí Chirk fẹ́ òun bí kò bá kọ́kọ́ jáwọ́ nínú olè jíjà, òǹkọ̀wé sì fi ọ̀wọ̀ kan náà tó fi ń sọ̀rọ̀ ọlọ́lá sọ tiwọn.

Ẹnu Chirk ni ìṣòro ńlá kejì wà. Èdè àwọn olè ló ń sọ, ó sì nípọn. Irú rẹ̀ ni bridle-cull, tó túmọ̀ sí olè orí ẹṣin. Nubbing-cheat ni igi tí wọ́n fi ń so èèyàn kọ́. Yellow boys ni owó wúrà. Redbreast tí wọ́n ń pe ọlọ́pàá Bow Street ní London wá láti inú ẹ̀wù pupa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń ṣọ́ ojú ọ̀nà ló ń wọ ẹ̀wù náà, kì í ṣe àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bíi Stogumber inú ìwé yìí. Ẹ má dúró wá ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀ o, ìtàn á bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ka ọ̀rọ̀ Chirk sókè; ohun tó ń ṣe á ti fi ìdajì yé yín. Fún ìyókù, ìwé atúmọ̀ èdè ìgboro tí Francis Grose kọ́kọ́ gbé jáde ní 1785 ti ní àtúntẹ̀ ọdún 1811, èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Project Gutenberg, ilé ìkàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣí i sórí fóònù, kí ẹ gbé ìwé ìtàn dání lọ́wọ́ kejì. Bó bá jẹ́ orí fóònù kan náà ni ẹ ti ń ka méjèèjì, lílọ-bíbọ̀ á sú yín kí Stogumber tó mú olè kankan.