LocalSend: ápù tí mo fi ń kó fídíò láti fóònù sí láptọ́ọ̀pù, àti ibi tó ti máa ń há

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi fóònù ya fídíò òde ìnáwó bíi tèmi, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Ápù kan wà tó ń jẹ́ LocalSend, ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí tí mo ti ń lò ó níbí ní Àkúrẹ́, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé e sórí fóònù lónìí tí wọ́n á yọ ọ́ dànù lọ́la, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ibòmíì pátápátá ni wàhálà ọ̀hún wà.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni ìgbéyàwó kan tí mo yà ní Alágbàká. Fídíò GB 11 ló wà lórí fóònù mi, ìyàwó sì fẹ́ rí i kó tó di ọjọ́ Ajé torí àwọn ẹbí ẹ̀ ń padà sí Oǹdó. Mo ki wáyà bọ láptọ́ọ̀pù, fóònù ń gba iná, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù ò mọ̀ pé fóònù kankan wà níbẹ̀. Mo yọ ọ́ mo tún un kì, mo pa láptọ́ọ̀pù mo tún un tàn, pàbó. Bluetooth ńkọ́? Mẹ́gábíìtì 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ibi tí agbára ẹ̀ mọ, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ GB 11 á lé ní wákàtí 8, tí wọn ò bá mú iná lọ nìyẹn o. Tó bá sì jẹ́ WhatsApp, ó máa fún fídíò mọ́lẹ̀ títí ojú èèyàn á fi ṣú bàìbàì, kódà tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi document kó má bàa bàjẹ́, GB 2 ló gbà fún fáìlì kan, ẹ máa fi dátà gbé e sókè ẹ tún máa fi dátà fà á wálẹ̀, GB 11 ti di 22 nìyẹn. Ta ló fẹ́ san owó yẹn?

Ni mo bá gbé gbogbo ẹ̀ lọ bá àbúrò kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ South Gate FUTA. Kò tíì tan láptọ́ọ̀pù rárá tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n wo wáyà yín ná." Ó yí ẹnu wáyà tó ń wọ láptọ́ọ̀pù sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ní kí n ka irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú ẹ̀. Méjì ni mo kà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, àárín ṣófo. Ó mú tiẹ̀ jáde, mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ó ní àwọn méjì ti ẹ̀gbẹ́ ló ń gbé iná, àwọn méjì ti àárín ló ń gbé fáìlì, wáyà tí mo rà lójú títì yìí, iná nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ó dùn mí gan-an, torí láti ọdún tó kọjá ni wáyà yẹn ti wà lọ́wọ́ mi tí mo ń rò pé láptọ́ọ̀pù mi ló ń kú lọ. Ó fi tiẹ̀ sí i, ó fa ojú fóònù wálẹ̀ látòkè, ó tẹ File transfer, torí Android máa ń gbà pé iná lásán lẹ fẹ́ gbà àfi tẹ́ ẹ bá sọ fún un, láptọ́ọ̀pù sì rí i lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ẹnu fóònù mi ti dẹ̀, wáyà mì díẹ̀ báyìí ó já, fídíò kẹta la kó dé tó já pátápátá. Ló bá ní ká fi LocalSend ṣe é.

Ọ̀fẹ́ ni. Kò sí ìpolówó, wọn ò ní béèrè email tàbí nọ́ńbà yín, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Android, iPhone, Windows, Mac àti Linux, kóòdù ẹ̀ sì wà ní gbangba lórí GitHub, ibi tí àwọn tó ń ṣe ápù máa ń kó kóòdù sí, fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé e sórí fóònù, ẹ gbé e sórí láptọ́ọ̀pù, kí àwọn méjèèjì wà lórí Wi-Fi kan náà, ẹ mú fáìlì, ẹ tẹ orúkọ láptọ́ọ̀pù, kí láptọ́ọ̀pù gbà á, ó parí. Fáìlì ò gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, tààrà ló ń lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi ń jẹ dátà. GB 11 yẹn ò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fi kó tán.

Tẹ́ ò bá ní Wi-Fi nílé, ẹ tan hotspot fóònù kí láptọ́ọ̀pù wọlé síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá pa dátà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa dátà o! Hotspot á ṣì máa ṣiṣẹ́, fáìlì á sì máa lọ, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi dátà sílẹ̀, láptọ́ọ̀pù á rò pé Wi-Fi ọ̀fẹ́ ló rí, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa update, kẹ́ ẹ tó mọ̀ dátà oṣù kan ti lọ.

Ó wá kan ibi tó ti máa ń há. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe é nílé, fóònù ń wá láptọ́ọ̀pù, kò rí i. Ohun tó fà á ni pé tí Windows bá wọ Wi-Fi tuntun, Public ló sábà máa ń kà á sí, bí ẹni tó wà láàárín èrò ní gáréèjì tó di àpò ẹ̀ mú, kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ míì kan òun lára. Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Network & internet, ẹ ṣí Wi-Fi tẹ́ ẹ wà lórí ẹ̀, ẹ yí i sí Private. Wi-Fi ilé yín tàbí hotspot ara yín nìkan ni kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ẹ má ṣe é fún ti hòtẹ́ẹ̀lì. Tí firewall, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ohun tó ń wọ láptọ́ọ̀pù wò, bá sì béèrè bóyá kó gba LocalSend láyè, Allow ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Èmi ti fi ìkánjú tẹ Cancel lọ́jọ́ tí mo gbé e sórí ẹ̀, ìyẹn náà wà lára ohun tó ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ṣí i nínú firewall, port 53317 ni, ìyẹn nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí ápù yìí ń gbà, kẹ́ ẹ ṣí i fún TCP àti UDP, oríṣi ọ̀nà méjì tí ẹ̀rọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Wi-Fi hòtẹ́ẹ̀lì, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ilé-ìwé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti sẹ́tì pé kí ẹ̀rọ kan má lè rí ìkejì, kò sí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i, ẹ kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tan hotspot. Tẹ́ ẹ bá tan VPN, ìyẹn ápù tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì yín gba ọ̀nà ibòmíì, ẹ pa òun náà. Ẹni tó ń lo iPhone, ẹ wò ó bóyá ẹ ti fún LocalSend láyè Local Network, ìyẹn àyè láti rí ẹ̀rọ míì lórí Wi-Fi kan náà. Tí wọn ò bá tún rí ara wọn, nọ́ńbà kan wà lábẹ́ orúkọ ẹ̀rọ lójú ibi Receive, tí àmì # wà níwájú ẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹ nọ́ńbà yẹn sínú fóònù, ó máa ń lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ojú fóònù kú tó bá ń kó fáìlì lọ́wọ́, pàápàá tẹ́ ẹ bá tan battery saver, torí tó bá já láàárín, ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì yẹn lẹ ti máa tún un bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí mi ò fi fún un ní márùn-ún nìyẹn, mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Quick Share ti Google náà wà, òun ni wọ́n ń pè ní Nearby Share kó tó di oṣù kìíní 2024, ó dáa fún ẹni tó ń lo Android pẹ̀lú Windows, ṣùgbọ́n èmi ní oníbàárà tó ń lo Mac àti èyí tó ń lo Linux.

Ohun tó tún wú mi lórí nìyí: tí LocalSend ò bá sí lórí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fẹ́ kó fáìlì sí, ó lè fún yín ní link, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú bíráúsà kọ̀ǹpútà yẹn, tó bá ti wà lórí Wi-Fi tàbí hotspot kan náà, fáìlì á bọ́ sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ tẹ fọ́tò ní ọ̀nà Ọba Adésídà, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ti na flash sí mi, mo ní kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ ká gbìyànjú eléyìí ná. Fọ́tò méjìlá, kó tó fi bébà sínú ẹ̀rọ gbogbo ẹ̀ ti wà lójú kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó ní kí n kọ orúkọ ápù yẹn sílẹ̀ fún òun.